Ọkùnrin Tó Kú Lára Aṣọ Funfun

Èyí ṣẹlẹ̀. Erinje ni, lọ́nà Òkìtìpupa, ní ọdún kẹrin lẹ́yìn òmìnira. Àwọn tó ṣojú wọn ò tíì kú tán; ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ bi wọ́n.

Catherine ló máa ń wẹ òkú fún ìjọ. Bí mọ́tò sinimá tó ń gbé fíìmù kiri ìlú bá dé, iwájú ló ń jókòó, kì í sì í pa ẹnu mọ́. Ó ní ìranù ni ọ̀pọ̀ nínú fíìmù wọn. Ó ní àwọn òṣèré ò mọ bí wọ́n ti ń kú: ẹni tí ọfà bá, á kọ́kọ́ wá ibi tó tẹ́jú kó tó ṣubú. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń tìtorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wá wòran.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Olúsọjí, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń wa mọ́tò náà, fi ẹní dí fèrèsé ilé-ìwé, ó ta aṣọ funfun mọ́ ògiri. Fíìmù kúkúrú kan ló gbé sí i, èyí tó bá nínú agolo tí kò lórúkọ. Kò lóhùn. Ọkùnrin kan díbọ́n pé òun kú. Ó dùbúlẹ̀ sínú pósí, ó ń yọjú wo àwọn ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń fa ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín.

Catherine ò rẹ́rìn-ín.

"Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò," ó ní. "Òkú kì í mí."

Ọkùnrin inú pósí náà yíjú sí i. Ó wò ó títí, bí ẹni tí wọ́n bá wí tó sì gbà. Àyà rẹ̀ gbéra lẹ́ẹ̀kan, ó wálẹ̀. Kò gbéra mọ́.

Ẹ̀rín dá. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀rọ amúnáwá mọ́tò náà ò dún mọ́ níta. Àwòrán ṣì wà lára aṣọ.

Olúsọjí fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó fi ń yí fíìmù. "Màmá, kò yí. Kò síná rárá."

Òkú tí Catherine ti wẹ̀ kò níye. Ó mọ ojú ẹni tó ti lọ. Ó dìde, ó rìn lọ síbi aṣọ. Òjìji rẹ̀ kò bọ́ sára aṣọ náà. Ó na ìka méjì, ó pa ojú ọkùnrin náà dé. Ojú náà padé lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní awọ èèyàn lòun fọwọ́ kàn, ó tutù bí òwúrọ̀ ọyẹ́.

Àwòrán rọra ṣá, títí aṣọ fi funfun.

Lọ́sẹ̀ kejì, Olúsọjí gbé fíìmù náà dé Akotogbo. Ó ránṣẹ́ padà pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọkùnrin náà dijú ni. Àwọn ìyàwó ti gbé ṣòkòtò sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Catherine ní kí wọ́n bá òun bi í, kí lorúkọ ọkùnrin náà. Olúsọjí ò mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Catherine dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí wọ́n bá òun gbàdúrà fún òkú kan tí òun ò mọ orúkọ rẹ̀. Gbogbo ìjọ kúnlẹ̀.