Irin Ti Sùn

Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn méjì tó ṣojú wọn ṣì wà láàyè, ilé náà sì wà ní Àpòmù títí di òní. Wọ́n ti kùn ún lọ́dà. Bí ẹ bá gba iwájú rẹ̀ kọjá, ṣọ́ọ̀bù lásán ni ẹ óò rí. Àwọn méjèèjì kò fẹ́ràn kí a máa sọ ọ́ láriwo, nítorí náà jẹ́jẹ́ ni n óò sọ ọ́.

Othniel ni orúkọ ọkùnrin náà. Jórinjórin ni, ará Ìkirè, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tí kì í pa ìsìn jẹ. Láti ìgbà tó ti gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́, ènìyàn kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń ṣe é. Mọ́nsúrù ni ìyẹn. Othniel a máa jó irin. Mọ́nsúrù a máa ṣọ́ iná.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè rò pé ìmẹ́lẹ́ ni kí ènìyàn jókòó, kó máa ṣọ́ iná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí jórinjórin bá ti bo ojú, kò rí nǹkan mìíràn mọ́ ju ìmọ́lẹ̀ kékeré tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ti di í létí. Ìpẹ́pẹ́ iná sì ń ta lọ sẹ́yìn rẹ̀. Ó ń bọ́ sínú ihò, ó ń wọ abẹ́ pákó, ó ń sá pamọ́ sínú bébà sìmẹ́ǹtì. Yóò lúgọ síbẹ̀. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti lọ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Nítorí náà ni àwọn méjèèjì fi ní èdè tiwọn. Mọ́nsúrù ní sípánà kan tí ẹnu rẹ̀ ti kán. Òun ló fi ń lu irin tí Othniel ń jó, kí ó lè dé ọwọ́ rẹ̀ bí kò tilẹ̀ dé etí rẹ̀. Bó bá lù ú lẹ́ẹ̀kan: máa bá a lọ. Bó bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì: dúró, iná wà. Bí iṣẹ́ bá parí, tí àwọn yòókù ń palẹ̀ mọ́, Mọ́nsúrù kì í dìde. Yóò jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, garawa yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò dojú kọ ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Yóò jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀. Nígbà náà ni yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin náà, yóò lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò ní:

"Irin ti sùn. Ó yá, ká lọ."

Nígbà ọyẹ́, Mọ́nsúrù ṣàìsàn. Kò pẹ́ rárá tó fi kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, Othniel dúró lẹ́yìn àwọn tó ń kírun sí i lára. Kò mọ ohun tí ì bá fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣe.

Iṣẹ́ Àpòmù ló tẹ̀ lé e. Ilé ìtajà ni, ó ní òkè, àtẹ̀gùn rẹ̀ àti gbogbo irin ìfọwọ́tì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Othniel. Ẹnjiníà Adébímpé ló ń bójú tó ilé náà. Obìnrin ni, kò dàgbà púpọ̀, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan. Lọ́jọ́ kan, ó bi Othniel léèrè:

"Bàbá Pẹ̀lúmi, ta ló ń ṣọ́ iná fún yín?"

"Èmi náà ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ bo ojú?"

"Ẹnjiníà, ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ ṣáà wá ẹnìkan."

Kò wá ẹnikẹ́ni. Ó gbé búlọ́ọ̀kù kan sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, níbi tí Mọ́nsúrù ì bá jókòó sí. Ó bu yanrìn kún garawa, ó gbé e tì í. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìdí kàn án. Bí òṣìṣẹ́ kan bá fẹ́ jókòó síbẹ̀ jẹun, yóò lé e dìde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀kadà já obìnrin kan sílẹ̀ níwájú ilé náà. Sàlámọ̀tù ni, ìyàwó Mọ́nsúrù.

"Bàbá Pẹ̀lúmi, mo ti ṣe opó tán. Ẹ fún mi ní ibi tiwọn."

"Ibi ta ni?"

"Ibi ọkọ mi. Mo mọ lílù náà. Orí ọmọrí ìkòkò ni wọ́n ti kọ́ mi. Kamilah àti àwọn àbúrò rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun."

Othniel wo búlọ́ọ̀kù náà. Ó gbójú kúrò.

"Ìyá Kamilah, kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin."

"Ẹnjiníà yín ńkọ́, ọkùnrin ni?"

Àwọn tó ń po kọnkéré bú sẹ́rìn-ín. Othniel kò rẹ́rìn-ín.

"Mi ò fẹ́ rí ẹlòmíràn lórí búlọ́ọ̀kù yẹn. Ẹ jọ̀ọ́."

Sàlámọ̀tù nawọ́ sí i. "Búlọ́ọ̀kù ni," ó ní. "Kì í ṣe sàréè." Ó tún hijáàbù rẹ̀ ṣe. "N óò tún padà wá."

Ọjọ́ Jímọ́ ló tẹ̀ lé e. Àwọn kan ti lọ kírun, àwọn yòókù ti lọ wá oúnjẹ. Oòrùn mú. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà bí kò ṣe Othniel, níbi tó ti ń jó irin ìfọwọ́tì.

Irin dún lẹ́ẹ̀mejì.

Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọwọ́ náà dúró kí ó tó rò ó. Ó ṣí ojú. Kò sí ẹnikẹ́ni lókè. Kò sí ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí wọ́n kó bébà sìmẹ́ǹtì sí. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó da yanrìn lé e. Iná náà kú.

Ó dúró síbẹ̀, garawa òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ ìró yẹn. Sípánà tó kán kì í dún bíi sípánà mìíràn. Ó máa ń gbọ̀n níparí, bí ìgbà tí òtútù bá mú ènìyàn tí eyín rẹ̀ ń kan ara wọn.

"Mọ́nsúrù," ó ní.

Ó wo búlọ́ọ̀kù náà. Eruku sìmẹ́ǹtì bo gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé yẹn, funfun báláú. Kò sí eruku lórí búlọ́ọ̀kù náà.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti dé láàárọ̀, yóò kí búlọ́ọ̀kù náà. Yóò gbé omi inú ọ̀rá kan lé e. Ìyàwó rẹ̀ ní Ìkirè ṣàkíyèsí pé ó tún ti ń kọrin nínú balùwẹ̀. Nígbà tí Ẹnjiníà tún bi í léèrè, ó ní òun ti rí ẹni tó ń ṣọ́ iná.

"Níbo ló wà?"

"Ó wà nítòsí."

Ẹnjiníà wò ó títí. Ó ní: "Mo fẹ́ rí i."

Nígbà tó yá, lílù náà yí padà. Nígbà ayé Mọ́nsúrù, kì í lu irin lẹ́ẹ̀kan àfi bí Othniel bá dúró láti béèrè. Ní báyìí, kò béèrè, irin ń dún. Ẹ̀ẹ̀kan. Máa bá a lọ. Kó tó mí, ó tún dún. Máa bá a lọ. Othniel rò pé inú ọ̀rẹ́ òun ló ń dùn. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ń tètè dé, ó tilẹ̀ ń dún kí Othniel tó pa ẹ̀rọ. Irin ti sùn. Lọ́jọ́ kan ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin náà, ó sì jó o. Awọ ọwọ́ rẹ̀ bó. Ó wo ojú ọgbẹ́ náà. Ó rò ó pé bóyá ẹni tó ti lọ kò mọ ooru mọ́. Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ sílé.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gé irin kan tó yọ sójú àtẹ̀gùn, òjò ṣú. Iná gáàsì ni wọn yóò fi gé e. Ẹni tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ti kó fóòmù ìbùsùn wá síbẹ̀ kí ilé tó parí. Ẹnjiníà ti ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Wọ́n kó ìdajì. Wọ́n ti ìyókù sẹ́yìn pákó lábẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n sì sá fún òjò. Othniel rí i. Ó gbé iná gáàsì dání, ó ń ṣiyè méjì.

Irin dún. Ẹ̀ẹ̀kan.

Ó bo ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan. Ìpẹ́pẹ́ iná ń dà sílẹ̀ bí àgbàdo tí àpò rẹ̀ ya. Ooru dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó rò pé ti irin ni. Òórùn kan dé. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan, ó ń yára, ó ń yára sí i.

Lójijì, iná kú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ṣí ojú. Èéfín dúdú ti kún gbogbo ibẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ọwọ́ kan ti nà jáde, ó gbá a mú ní ẹ̀wù, ó wọ́ ọ sọ̀ kalẹ̀. Sàlámọ̀tù ni. Òun ló ti ẹnu sìlíńdà gáàsì. Àwọn méjèèjì jọ ń wúkọ́, wọ́n jọ ń da yanrìn. Ẹnjiníà Adébímpé sáré dé pẹ̀lú àgolò panápaná, àwọn òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé e pẹ̀lú omi, títí iná náà fi kú.

Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó sábẹ́ páànù òdìkejì ọ̀nà. Òjò ń rọ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀wù Othniel ti jó.

"Ọkọ mi máa ń sọ fún mi," Sàlámọ̀tù ní, "pé kí n kọ́kọ́ ti ẹnu gáàsì kí n tó pariwo." Ó nu ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ta ni ẹni yẹn?"

"Ẹni wo?"

"Ẹni tó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù. Mo pè é, kò dáhùn. Mo fò ó kọjá."

Othniel yíjú sí i. "Ṣé ẹ rí ojú rẹ̀?"

"Rárá. Ó tẹ orí ba. Ó kọ ẹ̀yìn sí iná."

"Mọ́nsúrù ni," Othniel ní. "Ó ti pẹ́ tó ti ń bá mi ṣọ́ ọ. Mo gbọ́ sípánà rẹ̀."

Sàlámọ̀tù ṣí àpò rẹ̀. Ó tú aṣọ kan. Sípánà tí ẹnu rẹ̀ kán ló wà nínú rẹ̀.

"Inú àpótí mi ni èyí wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un jáde, pé bóyá ẹ óò gbà bí ẹ bá rí i." Ó wo ilé náà láti inú òjò. "Bàbá Pẹ̀lúmi, ọkọ mi kò kọ ẹ̀yìn sí iná rí. Kódà nínú ilé ìdáná mi, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń jókòó sí, kí ojú wọn lè wà lára ààrò. Ẹni yẹn kì í ṣe Mọ́nsúrù."

"Ti ìgbà àkọ́kọ́ ńkọ́? Ẹni tó ní kí n dúró?"

Sàlámọ̀tù tún fi aṣọ náà wé sípánà.

Láti ọjọ́ kejì ni Sàlámọ̀tù ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹnjiníà ra bàtà aláwọ nínípọn fún un, ó sì ní kó máa fi aṣọ òwú borí, torí pé ìpẹ́pẹ́ iná kan ṣoṣo tó láti lẹ aṣọ ọ̀rá mọ́ ènìyàn lára. Àpótí onípákó ló ń jókòó lé. Búlọ́ọ̀kù yẹn, Sàlámọ̀tù kò gbà kí wọ́n fọ́ ọ, kò gbà kí wọ́n sọ ọ́ nù. Bíríkìlà mọ ọ́n mọ́ ara ògiri ẹ̀yìn, ó rẹ́ ẹ. Lílù àjèjì náà dá. Sàlámọ̀tù nìkan ló ń lu irin.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, ó jókòó títí oòrùn fi rọlẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan gbogbo irin àtẹ̀gùn náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Irin ti sùn," ó ní. Omi lé sí i lójú. Ó fi aṣọ wé sípánà náà, ó fi í sínú àpò.

Òun àti Othniel ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

Inú ògiri ẹ̀yìn ló ti wá. Ó gbọ̀n níparí. Ẹ̀ẹ̀mejì.

Wọn kò wo ara wọn. Wọ́n padà. Wọ́n wá gbogbo abẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n wá gbogbo yàrá, wọ́n fọwọ́ kan gbogbo irin. Gbogbo rẹ̀ tutù. Kò sí èéfín. Kò sí òórùn.

"Kò sí nǹkan kan," Othniel ní. "Ohun burúkú yẹn ni. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Bó bá jẹ́ pé ọkọ mi ni ńkọ́?"

Sàlámọ̀tù fa àpótí rẹ̀ jáde, ó gbé garawa yanrìn sún mọ́ ọn, ó jókòó, ó dojú kọ ògiri. Othniel dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń ṣọ́ irin tútù. Ilẹ̀ ń ṣú lọ.