Lẹ́yìn Bánkọ́lé

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Ẹ̀rínọlá kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Mákun, ní Ṣágámù. Ó gbé nǹkan kan mọ́ àyà, ó fi ìró wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun. Mo rò pé ó ṣi ilé wọ̀ ni. Ilé géèmù ni mo ń ṣe, àwọn tó ń wá gbá bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi, obìnrin kì í sì í sábà yà síbẹ̀.

"Ẹ káàsán," ó ní. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ Bólúwají?"

"Èmi ni."

"Wọ́n ní kò sí géèmù tí ẹ ò mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi ní ìjà, kí ẹ kọ́ mi ní idán, kí ẹ sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yọ́ rìn tí ọ̀tá kò fi ní í rí wọn."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó tú ìró náà, ó sì gbé ẹ̀rọ géèmù dúdú kan ka iwájú mi. Kò sí eruku kankan lára rẹ̀.

Mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo mọ géèmù náà dáadáa. Ayé gbàrẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ló wà nínú rẹ̀, igbó, òkè àti ìlú oríṣiríṣi, ibi tó bá sì wu èèyàn ló lè gbà. Akọni kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó dúró nínú òjò níwájú ilé gogoro kan tí wọ́n fi òkúta kọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sókè orí rẹ̀: Bánkọ́lé. Èjìká rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀.

Ẹ̀rínọlá yí ojú sí ògiri. "Ó ṣì ń mí," ó ní.

Mo gbé àga fún un, ó sì ròyìn fún mi. Tíṣà ni ní Ìlárá. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Bánkọ́lé, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó ni tírélà kan kọlu ọkọ̀ rẹ̀ ní òpópónà márosẹ̀. Ó ti pé ọdún kan àti oṣù méjì. Wọ́n ti obìnrin kan mọ́ inú ilé gogoro yẹn nínú géèmù náà, ẹni tó ń gbá géèmù náà ló sì máa ń sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀rín ni Bánkọ́lé sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, ó pe Ẹ̀rínọlá lórí fóònù, ó ní, "Tí mo bá ti ibiṣẹ́ dé, màá mú ẹ jáde níbẹ̀."

"Kò dé," Ẹ̀rínọlá wí. "Látìgbà náà, tí mo bá ti sùn, inú ilé òkúta yẹn ni mo máa ń bá ara mi. Mo máa ń gbọ́ ìmí rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òun ò lè wọlé, èmi ò lè jáde."

Ó yẹ kí n sọ fún un pé n kì í ṣe olùkọ́. N kò mọ ohun tó wọ̀ mí.

"Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì," ni mo wí, "tí ẹ bá ti jáde níléèwé."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìjà ni mo fi ṣáájú. "Ẹ má tẹ bọ́tìnnì pádì bí ẹni ń gún ata. Ẹ jẹ́ kí ọ̀tá kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè, ẹ fi asà gbà á, kí ẹ tó wá bẹ́ ẹ. Ẹni tó bá kù gìrì ló ń tètè kú." Mo kọ́ ọ pé ohun tí akọni bá ń ṣe léraléra ni ọwọ́ rẹ̀ ń mọ́, pé ẹran igbó kéékèèké ni kí ó kọ́kọ́ máa bá jà, kí ìpele rẹ̀ lè máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Mo ní kí ó bọ́ ẹ̀wù irin kúrò lára akọni tó bá fẹ́ yọ́ rìn, nítorí ó ń dún, kí ó sì máa gba inú òjìji. Èyí ni kò fún un ní wàhálà rárá.

"Níbo lẹ ti kọ́ eléyìí?" ni mo bi í.

"Nílé bàbá mi. Láti ìgbà tí Bánkọ́lé ti kú ni mo ti ń yọ́ rìn nínú ilé, kí wọ́n má baà gbọ́ pé mò ń sunkún."

Tí a bá wọ ìlú kan nínú géèmù náà, àwọn ará ibẹ̀ á kí akọni. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wí ni pé, "Bánkọ́lé, o ti dé? Ó pẹ́ tí a ti rí ọ." Ọwọ́ Ẹ̀rínọlá á dúró lórí pádì. Lọ́jọ́ kan, a ṣí àpótí tí akọni náà ní nílé rẹ̀. Òdòdó aláwọ̀ ìyeyè ló kún inú rẹ̀, ó lé ní igba. Òdòdó náà kò wúlò fún ohunkóhun nínú géèmù yẹn.

"Àwọ̀ tí mo fẹ́ràn nìyẹn," ó wí, ó sì rọra pa àpótí náà dé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jowú òkú. Nínú irú géèmù bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn akọni nìkan lèèyàn máa ń rí. Ẹ̀yìn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi lójú oorun. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, á máa mí, èmi á sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe yíjú padà. Nígbà míì mo máa ń jí, màá sì wo ẹnu ọ̀nà kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn.

Síbẹ̀, mo máa ń ka ọjọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó gbé ìkọ́kọrẹ́ wá fún mi. A ò tíì jẹ ẹ́ tán tí iná ọba fi lọ. Ó rí bí mo ṣe fi epo kun àgbọ̀n, ó sì bú sẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí.

"Ẹ̀rínọlá," ni mo wí, "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ pè é ní "ìwọ".

"Mo mọ̀, Bólúwají. Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ẹsẹ̀ kan wà nínú ilé òkúta kí n fi èkejì wọlé ọkọ."

Mo lọ sí Ìpẹ̀rú lọ sọ fún bàbá mi. Kátíkíìsì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbọ́ mi délẹ̀.

"N kò ní ọmọ náà burú," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n obìnrin tí òkú kò tíì tú sílẹ̀, ìwọ àti ta ni yóò jọ fẹ́ ẹ? Kí ìyá tó bí olóògbé fi ẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má pè mí síbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kankan."

Nígbà tó yá, a dé ilé gogoro náà. Iwin kan ló ń ṣọ́ ọ. Yíyọ́ rìn kò tàn án, ọfà sì ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni ta á sínú èéfín. Ìgbà mọ́kàndínlógún ni akọni ṣubú lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ̀rínọlá gbé pádì sílẹ̀.

"Mo ti rí ikú rẹ̀ tó," ó ní.

Mo sọ òótọ́ fún un. "Idán iná nìkan ló ń ran iwin yìí, Bánkọ́lé kò sì kọ́ idán. Gbogbo agbára tó kó jọ, orí ọfà àti yíyọ́ rìn ló kó o sí. Arúgbó kan wà nínú géèmù náà tó lè tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún wa, kí a tún un tò sórí idán."

"Ọdún mẹ́ta ló fi kó o jọ." Ó fa ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ra. "O fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi tú u palẹ̀. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé ìwọ lo fẹ́ kí ó kú tán, Bólúwají."

Ó wé ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun, nítorí kì í ṣe irọ́ pátápátá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ẹ̀rínọlá wá pè mí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, ó ní ìyá Bánkọ́lé fẹ́ rí mi ní Ìkẹ́nnẹ́.

Mo bá Màmá lórí àga wọn ní pálọ̀. Wọ́n ti so ẹ̀rọ náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n wọn, akọni sì dúró nínú òjò. Ẹ̀rínọlá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde," Màmá wí. "Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń gbé e wá kí n wò ó. Èmi ni mo ní kó máa gbé e wá. Ṣé ìwọ lo fẹ́ tú ọmọ mi palẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́. Tí o bá tú u, ṣé yóò ṣì máa rìn?"

"Yóò máa rìn, Màmá."

"Ṣé wọn yóò ṣì máa pe orúkọ rẹ̀?"

"Wọn yóò máa pè é."

"Kí ló máa wá lọ?"

"Ọwọ́ ọfà rẹ̀ ni, Màmá."

Wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n náà pẹ́, wọ́n sì fi imú rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Bánkọ́lé? Ọmọ tó ń sá wọ yàrá tí a bá fẹ́ pa adìyẹ Kérésì. Èmi kò bí ọlọ́fà." Wọ́n gbé ọwọ́ lé Ẹ̀rínọlá lórí. "Èyí tí mo bí, mo mọ ibi tí mo sin ín sí. Mo ń fi eléyìí tan ara mi jẹ ni, mo sì ti fi ọ́ kún un. Ṣe é lójú mi, ọmọ mi."

Ẹ̀rínọlá mú pádì. Nígbà tí arúgbó inú géèmù náà tú u tán, ọfà kúrò lẹ́yìn akọni, iná sì ràn ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni iwin tún pa á. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Ẹ̀rínọlá dúró jẹ́ẹ́ títí iwin fi la ẹnu, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì sọ iná sí i lọ́fun. Ó wó lulẹ̀ bí eérú.

Ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin náà jáde. "O pẹ́," ó sọ fún akọni, "ṣùgbọ́n o dé."

Ohun méjì ni géèmù náà ní kí a yàn fún un, bóyá kí ó máa tẹ̀ lé akọni tàbí kí ó máa lọ sílé. N kò mọ èyí tí Ẹ̀rínọlá yóò tẹ̀.

"Sọ fún un kó máa lọ sílé," Màmá wí.

Ó tẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà tẹríba, ó gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ òkè lọ láìwẹ̀yìn, kùrukùru sì bò ó mọ́lẹ̀. Akọni ṣẹ́ kù lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń mí. Nígbà náà ni Ẹ̀rínọlá ké, igbe tí kò tíì ké láti ìgbà tí Bánkọ́lé ti kú. Màmá gbé orí rẹ̀ lé itan. Mo jáde lọ dúró sábẹ́ igi obì tó wà lẹ́yìnkùlé títí igbe náà fi rọlẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí mo ti sọ ohun tí bàbá mi ní fún Màmá, wọ́n wọkọ̀ fúnra wọn lọ bá a ní Ìpẹ̀rú. "Mo wá yọ̀ǹda ìyàwó ọmọ mi," wọ́n ní. Àga ni bàbá mi gbé fún wọn.

Oṣù Kejìlá la ṣe ìgbéyàwó. Nígbà tí ìsìn parí, àwọn òbí to ọwọ́ wá súre fún wa. Màmá, ìyá Bánkọ́lé, ló dé kẹ́yìn. Wọ́n gbá ojú Ẹ̀rínọlá mú. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n di ọwọ́ mi mú ṣinṣin.

"Bánkọ́lé," wọ́n ní, "má jẹ́ kí ebi pa á o."

Mo mọ̀ ọ́n lára bí ìka Ẹ̀rínọlá ṣe há mọ́ tèmi. N kò wo ojú Màmá láti mọ̀ bóyá wọ́n ṣi orúkọ pè ni, tàbí bóyá wọn kò ṣì í.

"Mo ti gbọ́, Màmá," ni mo dáhùn.