Ẹja Tó Kọjú Sí Òsì

Ọ̀sán gangan ni àwọn ará Ibiade wá kó ẹrù ìdáná wọn padà ní Òkè-Àgbò. Gbogbo àdúgbò ló rí wọn. Wọ́n ju káàdì kan sílẹ̀ níwájú Ìbíkẹ́ aláró, wọn ò sì dúró mu omi.

Lará, ọmọ Ìbíkẹ́, he káàdì náà, ó kà á síta: "Oyún ẹlòmíì ń bẹ níkùn mi. Ẹ má wá mú mi mọ́. Èmi, Lará." Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí òun àti Adémúyìwá ará Ibiade ṣègbéyàwó.

"Yèyé, éè ṣe èmi ni mo kọ ọ́." Ó na káàdì náà sí ìyá rẹ̀.

"Mo mọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ á fojú winá."

Obìnrin yìí kì í dárí jini, kò sì fi bò. Bí o bá ṣẹ̀ ẹ́ lónìí, á rán ọ létí ẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ọdún 1897 nìyẹn. Hannah, ìyàwó olùkọ́ ìjọ, ló kọ́ àwọn ọmọge Òkè-Àgbò níṣẹ́ káàdì tí wọ́n fi ń ránṣẹ́. Wọ́n á fi omi rin pépà, wọ́n á kán aró àti osùn sí i, kí àwọ̀ méjèèjì máa ṣàn wọnú ara wọn. Kó tó gbẹ, wọ́n á wọ́n iyọ̀ sí i. Ibi tí iyọ̀ bá balẹ̀ sí á funfun bí ìràwọ̀. Bó bá gbẹ, wọ́n á gbọn iyọ̀ dànù, oníkálukú á wá tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀ sí i. Ẹja ni òǹtẹ̀ Lará, igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ.

Ìbíkẹ́ to mẹ́ta nínú káàdì Lará sínú oòrùn, ó fi ti Ibiade tì wọ́n. Ẹja mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sí ọ̀tún. Ti Ibiade kọjú sí òsì. Àwọn ìràwọ̀ ara rẹ̀ tóbi ju ti Lará lọ, àárín wọn sì dúdú díẹ̀. Ó fi ìka pa àárín wọn, ó fi kan ahọ́n. Eérú ni.

Ó kọ́kọ́ lọ bá Adérónkẹ́, tí òun àti Lará jọ ń kọ́ṣẹ́ káàdì, ó fi ẹja méjèèjì hàn án.

"Ìwọ lo fẹ́ fẹ́ Adémúyìwá tẹ́lẹ̀."

"Mo fẹ́ fẹ́ ẹ lóòótọ́, inú sì ń bí mi dòní. Ṣùgbọ́n Yèyé, inú àpótí kan ni gbogbo òǹtẹ̀ wa wà. Bí mo bá fẹ́ ba Lará jẹ́, ti ẹ̀ gan-an ni mà bá tẹ̀; kí ni mo ń gbẹ́ òmíì fún?"

Ó kan Nọ́fíù tó ń gbẹ́ òǹtẹ̀ fún wọn. Lará ti kọ̀ ọ́ rí. Ó wo káàdì náà, ó pòṣé.

"Ẹni tó gbẹ́ èyí éè mọṣẹ́. Bó ṣe rí ẹja lórí káàdì ló ṣe gbẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ òǹtẹ̀ máa ń yí padà tó bá balẹ̀ sórí pépà. Mo bínú sí Lará o, àmọ́ n ò lè fi irú iṣẹ́ yìí bínú."

Ọjọ́ méjì ni Ìbíkẹ́ àti Lará fi rìn dé Ibiade. Wọ́n bá Ọládòṣù, bàbá ọkọ, pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì. Adémúyìwá ò lè gbórí sókè.

"Ta ló mú káàdì yìí wálé?" Ìbíkẹ́ bi wọ́n.

"Èmi ni." Gbénró, ẹ̀gbọ́n ọkọ, ló dáhùn. "Lará fúnra ẹ̀ ló fi lé mi lọ́wọ́ lÓkè-Àgbò. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é tán ni."

"Ẹ bá mi bu iyọ̀ ọbẹ̀ yín wá."

Wọ́n bù ú wá. Ẹyọ rẹ̀ tóbi, ó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

"Etíkun ni wọ́n ti ń sè é," ni Ọládòṣù wí. "Eérú kì í wọ́n nínú ẹ̀."

Ìbíkẹ́ tú iyọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó funfun, ó kúnná. "Iyọ̀ òyìnbó rèé, òun nìkan ni Hannah ń lò, eérú éè sí nínú ẹ̀. Eérú sì wà lára káàdì yìí. Bàbá, ibí ni wọ́n ti ṣe káàdì yìí. Ẹni náà wo èyí tí Lará fi ránṣẹ́ sí Adémúyìwá, ó gbẹ́ ẹja ẹ̀ lódì. Tó bá jẹ́ ibí ni wọ́n ti ṣe é, báwo ni Gbénró ṣe gbà á lÓkè-Àgbò?"

Adémúyìwá gbórí sókè. "Lará kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sínú lẹ́tà. Ẹ̀gbọ́n nìkan ni mo fi hàn."

Gbénró ò sẹ́. Ojú Ìbíkẹ́ ló ń wò.

"Èmi ni. Ìbíkẹ́, ṣé o rántí Abibat ará Awa? Ọdún kọkànlá rèé. Èmi ni mo fẹ́ fẹ́ ẹ. O sọ lọ́jà pé ẹ̀tẹ̀ ń bẹ nílé wọn. Bàbá mi kó ẹrù ìdáná wa padà. Lọ́jọ́ karùn-ún, Abibat gbé májèlé jẹ. Ọjọ́ ìdáná Lará ni mo tó mọ̀ pé ìwọ ni yèyé ẹ̀. Mo fẹ́ kí o mọ bó ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá ń kó ẹrù jáde nílé ẹni."

"Àbúrò rẹ ńkọ́?" ni Ọládòṣù wí.

"Á rí ẹlòmíì. Èmi éè rí."

Ọládòṣù yíjú sí Ìbíkẹ́. "Ṣé òótọ́ ni, Yèyé Lará?"

Ìbíkẹ́ lè sẹ́. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan níbẹ̀. Lará ń wò ó.

"Òótọ́ ni. Ìyá Abibat gba oníbàárà mọ́ mi lọ́wọ́, inú bí mi. Irọ́ ni mo pa."

Ọládòṣù ní kí Gbénró kó ẹrù ẹ̀ jáde nílé òun. Ó ní Lará ò ṣẹ̀, ìgbéyàwó ò yẹ̀. Adémúyìwá dìde, ó di ọwọ́ Lará mú. Ohun tí Ìbíkẹ́ wá gbà nìyẹn, ó sì ti gbà á. Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀.

Lará sún sẹ́yìn. "Hannah ni yóò sìn mí wá síbí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin, Yèyé, ẹ má wá. N ò fẹ́ àdúrà yín lórí mi."

Ìbíkẹ́ ṣa àwọn káàdì náà jọ, ó jáde. Kò sẹ́ni tó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.