Ẹ Yí Òkúta Padà Kí Ẹ Tó Ra Gọ́ọ̀mù

Ní agbo ilé Jìbírílù ní àdúgbò Hamdalaye, nílùú kan tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ẹ̀gbẹ́ ògiri kan wà tí kò sẹ́ni tó ń bá Màmá Rahinatou du ibẹ̀. Ibẹ̀ ni àpótí ìjókòó rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni búútà rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣe àlùwàlá láti ìgbà tí orúnkún ti ń dà á láàmú.

Jìbírílù ọmọ rẹ̀, tó ń ta ẹ̀yà ara moto, ra òkúta aláwọ̀ ewé tó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ńlá kan ní àdúgbò Zone du Bois. Ó ní kí wọ́n fi bo ògiri náà, kí ibi àlùwàlá ìyá òun lè dùn ún wò. Ìfẹ́ dára o, àmọ́ kì í lẹ òkúta mọ́ ògiri.

Idrissa ni bírìkìlà, ó ti bá àwọn Yorùbá ìlú náà ṣiṣẹ́ títí tó fi gbọ́ èdè wọn. Bó ṣe máa ń ṣe gbogbo táìlì ló ṣe òkúta náà: ó rì wọ́n sómi, ó po gọ́ọ̀mù inú àpò, èyí tó dà bíi sìmẹ́ńtì, ó sì lẹ̀ wọ́n. Kò pẹ́ tí ọ̀kan fi já bọ́. Wọ́n yí i padà, àwọ̀n tín-ín-rín kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, àmọ́ kò sí gọ́ọ̀mù kankan níbẹ̀, ó mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ara ògiri ni gbogbo gọ́ọ̀mù dúró sí.

"Mo ti rí i," ni Jìbírílù wí. "Àwọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀ yìí ló fà á. Ta ló ń se àlùbọ́sà pọ̀ mọ́ àpò rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ha á kúrò."

Ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Kò tíì ha dé ìdajì tí òkúta náà fi kán sí méjì mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ibi tó ti ń wò ó ni Faïza ti wọlé. Ọmọ àbúrò Jìbírílù ni, Tonton ló ń pè é, bí àwọn tó ń sọ Faransé ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n òbí wọn. Ó ń ṣiṣẹ́ ní bureau, ọ́fíìsì àwọn tó ń ya àwòrán ilé. Ìyá àgbà ló wá kí.

"Tonton, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀. Àwọ̀n yẹn kì í ṣe àpò àlùbọ́sà. Òun ló di òkúta náà mú."

"Báwo?"

"Òkúta yìí tètè ń kán. Àwọn tó gé e ló fi àwọ̀n àti résine, oje líle kan, bo ẹ̀yìn rẹ̀ kó má bàa fọ́. Résine kì í mu omi. Bẹ́ẹ̀, colle yìí, gọ́ọ̀mù inú àpò, àfi kí ẹ̀yìn carreau, ìyẹn táìlì, fà á mu díẹ̀ kó tó lè dì í mú."

Idrissa ní, "Mo kúkú rì wọ́n sómi, tantie. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn."

"Ti carreau alámọ̀ nìyẹn. Omi máa ń mú kí òkúta aláwọ̀ ewé míì tẹ̀."

"Kí la ó wá fi lẹ̀ ẹ́?" ni Jìbírílù bèèrè.

"Époxy, Tonton, gọ́ọ̀mù líle kan. Agolo méjì ni wọ́n máa ń pò pọ̀."

Ojú Jìbírílù là. "Oníméjì? Irú èyí tí mò ń tà fáwọn tí táńkì moto wọn ń jò?"

"Ìbátan rẹ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe òun. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó wà fún òkúta tó ní résine lẹ́yìn."

Faïza fi ìka kan àwọn òkúta tó kù lára ògiri. Wọ́n ń dún bí akèrègbè òfìfo, gọ́ọ̀mù ò dì wọ́n mú.

"Ẹ tú gbogbo wọn lónìí, Tonton."

"Lónìí kẹ̀? Ìrun alásárì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, Màmá fẹ́ ṣe àlùwàlá. Ẹ jẹ́ kí èyí tó bá dúró dúró di ọ̀la. D'accord? Ṣé ẹ gbà?"

Màmá fúnra rẹ̀ ti ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Faïza sáré pàdé rẹ̀ láàárín agbo ilé, ó kúnlẹ̀ kí i. Ẹ̀yin náà mọ ìkíni àwọn àgbà, kì í tètè tán. Màmá bèèrè ìyá rẹ̀, ó bèèrè ọkọ rẹ̀, ó tún bèèrè àwọn ẹbí tó wà ní àdúgbò Bilbalogo lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò tíì kí ara wọn tán tí òkúta òkè pátápátá fi já. Ó bá àpótí, ó sì tẹ búútà pẹlẹbẹ.

Màmá fi ọ̀pá tọ́ka sí i. "Jìbírílù, ṣé abẹ́ ibẹ̀ yẹn lo ní kí n jókòó sí?"

Ẹ̀rù ba Jìbírílù. Òun àti Idrissa gbé òòlù, wọ́n tú ògiri náà délẹ̀, Faïza sì bu omi fún Màmá lẹ́nu ọ̀nà.

Époxy ni wọ́n fi tún un lẹ̀, ó sì dúró. Ṣùgbọ́n Jìbírílù ò ju búútà yẹn nù. Ó gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹni tó bá bi í ohun tó tẹ̀ ẹ́, á ní, "Òkúta tí mi ò wo ẹ̀yìn rẹ̀ ni."

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lẹ òkúta, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ ná. Bí àwọ̀n bá wà níbẹ̀, tàbí tó ń dán bí ike, ẹ má ha á, ẹ má sì rì í sómi. Ẹ bi ẹni tó tà á irú gọ́ọ̀mù tó bá a mu. Époxy ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa pò ó, torí ooru ìlú wa máa ń mú un tètè gan. Ẹ jẹ́ kó kárí gbogbo ẹ̀yìn òkúta. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an, ẹ lẹ ẹyọ kan, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ wá gbìyànjú láti yọ ọ́. Bó bá tètè bọ́, ẹ má lọ síwájú.

Ẹyọ òkúta kan ni kí ẹ fi dán iṣẹ́ wò, ẹ má fi orí ìyá yín dán an wò.