Ẹ̀yìn Nìkan Ló Ń Dùn Mí, Mọ́mì

Bí ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà bá ń ṣiṣẹ́, gbogbo àdúgbò ló ń bá a gbọ́ ọ. "Tẹ bíréèkì! Mo ní o tẹ bíréèkì!" Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Tẹ-Bíréèkì, kò sì bínú sí i, nítorí orúkọ náà ń pe oníbàárà wá. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ pariwo mọ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ìyẹn ìyá ìyàwó rẹ̀.

Ìyá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báǹkì. Ó ní ó ti sú òun kí òun máa bẹ àwọn ọmọ kí wọ́n tó wá gbé òun, òun náà fẹ́ mọ ọkọ̀ wà. Ta ni yóò sì kọ́ ọ bí kò ṣe ọkọ ọmọ rẹ̀? Bí ìyá bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì níbi tó yẹ kó tẹ bíréèkì, tí imú ọkọ̀ fẹ́ẹ́ kọ lu ògiri, Tẹ-Bíréèkì á fi ẹ̀rín bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀, á ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ ṣàánú wa." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù tó bá gbọ́ ọ á ní, àṣé ọ̀gá mọ ohùn pẹ̀lẹ́ lò.

Ọkùnrin náà mọṣẹ́, àmọ́ ó ní àṣà kan tí kò dára. Láti ìgbà tó bá ti wọ ọkọ̀ láàárọ̀ títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀, kì í mumi. Inú ọkọ̀ á gbóná bí ààrò, òógùn á máa bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fi omi lọ̀ ọ́, á ní, "Olùkọ́ tó bá ń mumi, ilé ìtọ̀ ni yóò máa wá kiri." Bí ìtọ̀ bá sì ń gbọ̀n ọ́n, á mú un mọ́ra. Akíkanjú ló ka ara rẹ̀ sí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìrora kan ti ń yọ́ wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá òsì, lábẹ́ egungun ìhà. Á dé, á fún un mọ́lẹ̀, á tún lọ. Ìyàwó rẹ̀ ní làkúrègbé ni, ó ń fi róòbù pa á lẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ní ìjókòó ọkọ̀ ló fà á. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó rí i pé ìtọ̀ òun pupa bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran. Àyà rẹ̀ já. Ó yára da omi lé e, ó ní ooru ni, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé ìdí ọkọ̀, ìyá ti jókòó, ó ti de bẹ́líìtì, ó ń rẹ́rìn-ín.

Wọn ò tí ì rìn jìnnà tí ìrora náà fi dé, tọjọ́ yìí sì yàtọ̀. Ó gbéra láti ẹ̀yìn, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ikùn, ó lọ títí dé abẹ́. Tẹ-Bíréèkì na ẹsẹ̀, ó tún ká a kò. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó di ilẹ̀kùn mú.

Ìyá wò ó fìrí. "Àbí bí mo ṣe ń wà á ló ń dùn ọ́ tó báyìí?"

"Rárá o, Mọ́mì. Ẹ̀ ń gbìyànjú gan-an ni mà."

"Kí lo wá ń jó lórí ìjókòó sí?"

"Ẹ̀yìn ló kàn ń dùn mí díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo iwájú."

Nígbà tó máa la ẹnu sọ̀rọ̀ mìíràn, èébì ló gbé e. Díẹ̀ ló kù kó má ráyè yọ orí síta fèrèsé. Ìyá tẹ bíréèkì, bíréèkì gan-an lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó fọwọ́ kan iwájú orí àna rẹ̀. Ó gbóná janjan, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òjò pa.

"Ẹ jẹ́ kí n wà wá lọ sílé, mà." Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e.

"Ilé kẹ̀? Ẹni tó ń gbóná, tó ń bì, tí kò lè jókòó, tí kò lè dúró? Ilé ìwòsàn là ń lọ. Panu mọ́ o, èmi ni awakọ̀."

Ìyá kò tí ì wọ títì ńlá rí. Ọjọ́ yẹn ló wọ̀ ọ́. Ó ń rìn bí ìgbín, fèrè ọkọ̀ ń dún lẹ́yìn rẹ̀ lákọlákọ. Ẹnì kan yọjú láti inú ọkọ̀ akẹ́rù, ó pariwo pé, "Màmá, ẹ lọ sùn!" Ìyá ní, "Ó dàárọ̀ o, ọmọ mi!" ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n dé, ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé kí ọkọ̀ má ṣe dúró ló dúró sí.

Dókítà obìnrin kan ló gbà wọ́n. Ó ní kí aláìsàn dùbúlẹ̀, kò lè dùbúlẹ̀. Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọkùnrin náà fò sókè. Dókítà ní, "Níbo gan-an ló ń dùn yín?"

"Ẹ̀yìn nìkan ni, Dókítà."

"Ìtọ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń ta yín? Ṣé ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀?"

Tẹ-Bíréèkì wo ìyá tó dúró ti ibùsùn, tó gbá báàgì mọ́ àyà. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ìtọ̀ níwájú àna? Pàápàá nígbà tí ìrora ti dé ibi tí kò ṣeé dárúkọ? Ó ní, "Rárá o, kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀." Dókítà na ife kékeré kan sí i pé kó tọ̀ sínú rẹ̀. Ó ní kò sí ìtọ̀ lára òun.

Ìyá wo ife, ó wo ojú ọkọ ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì yé e.

"Háà! Èmi lo ń tijú fún? Ọmọ mẹ́rin ni mo tọ́, kò sí èyí tí kò tọ̀ sí mi lára! Dókítà, mo ń jáde. Ìwọ, bí o bá purọ́ fún wọn, ọmọ mi lo fẹ́ sọ di opó, mi ò sì gbà."

Ilẹ̀kùn kò tí ì padé tán tí Tẹ-Bíréèkì fi jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ìtọ̀ pupa, bó ṣe ń ta á, bó ṣe ń sáré lọ tọ̀ láti àná tó jẹ́ pé ẹ̀kán díẹ̀ ló ń jáde, àti ibi tí ìrora náà dé. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sáré dé, tí òun àti ìyá jọ wọlé, dókítà bi aláìsàn léèrè bóyá òun lè ṣàlàyé lójú gbogbo wọn. Ó ní kí wọ́n máa sọ ọ́.

"Òkúta ló há sí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti kíndìnrín bọ̀ sínú àpò ìtọ̀."

"Òkúta?" ni ìyàwó rẹ̀ pariwo. "Ta ló fún un jẹ?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ẹnì kankan ò fún wọn jẹ, mà. Iyọ̀ àtàwọn nǹkan mìíràn wà nínú ìtọ̀. Bí omi ara ò bá tó, ìtọ̀ á ki, àwọn nǹkan yẹn lè dì pọ̀ kí wọ́n sì le, bí èérí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùlù. Bó bá kéré, ó lè bá ìtọ̀ jáde fúnra rẹ̀. Èyí tóbi. Ìtọ̀ tó sé mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ní àkóràn, ìyẹn ló fa ibà tó ń gbọ̀n wọ́n. Bí wọ́n bá gbé àìsàn yìí lọ sílé di ọ̀la, kíndìnrín yẹn lè bàjẹ́, àkóràn náà lè wọnú ẹ̀jẹ̀, kó sì gbẹ̀mí wọn."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún. "Èmi mà ń fi róòbù pa á! Báwo la ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yìn lásán?"

"Ẹ̀yìn lásán sábà máa ń fúyẹ́ béèyàn bá sinmi tàbí tó bá yí ìjókòó padà. Ti òkúta ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Á wá, á lọ, á tún padà, á sì máa ti ìhà bọ̀ wá sísàlẹ̀ ikùn. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ ní tirẹ̀, kódà bí kò dùn yín rárá, ẹ wá rí wa. Tó bá wá di pé ibà wọ̀ ọ́, tàbí èébì ò dá, tàbí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó wá."

Lọ́jọ́ náà, wọ́n ki ọ̀pá oníhò tín-ín-rín kan sí i nínú kí ìtọ̀ lè ríbi gbà, wọ́n sì ń fún un ní oògùn àkóràn. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ ni wọ́n tó padà wá fọ́ òkúta náà. Ó pẹ́ kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan ti gba ọ̀dọ̀ olùkọ́ mìíràn lọ, wọn ò sì padà. Kíndìnrín náà yè, àmọ́ dókítà sọ ojú abẹ níkòó pé kò lè ṣiṣẹ́ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, òun yóò sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dun ọkùnrin náà wọra. Ó ní ká ní òun tètè sọ̀rọ̀ ni.

Nísinsìnyí ó ti wá ń sọ ọ́ ní àsọjù. Bí wọ́n bá jókòó sídìí oúnjẹ, á kéde pé ìtọ̀ òun mọ́ lónìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀. Ìyá á ní, "A ti gbọ́, ó tó, jẹ́ ká jẹun!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ rín in tán, kí ẹ sì ronú sí i. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ máa mumi dáadáa, àyàfi bí dókítà bá ti ní kí ẹ dín in kù nítorí àìsàn mìíràn. Ẹ rọra fi iyọ̀ sóúnjẹ, ẹ má sì máa mú ìtọ̀ mọ́ra nítorí iṣẹ́. Bí ẹ bá sì dé iwájú dókítà, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ rí àti gbogbo ibi tó ń dùn yín. Bí ẹni tí ẹ ń tijú fún bá wà níbẹ̀, ẹ ní kó jáde. Yóò bínú díẹ̀, àmọ́ yóò bá yín láàyè.