Ohun Tí Ìyá Dieudonné Rí Nínú Omi Àmù Rẹ̀

"Suzanne! Jáde wá kíá, ọkọ̀ Parakou kì í dúró de ẹnikẹ́ni!"

Bí Ìyá Dieudonné ṣe wọ ọgbà ilé ìwé ní agbègbè Plateau ní Ṣábẹ̀ẹ́ nìyẹn: ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, ara wá tẹ̀lé e. Ó wá mú ọmọ ọmọ rẹ̀ kúrò nílé ìwé, kó lọ máa bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ta aṣọ. Ọmọbìnrin tó ti mọ̀wé kà, kí ló tún kù?

Àfi bó ṣe bá àwọn ọmọ kọlẹ́ẹ̀jì nínú kíláàsì. Wọ́n wá fi iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ han àwọn àbúrò wọn. Ọmọbìnrin kan, Clémentine, dúró ti ẹ̀rọ olójú dígí tí ń sọ ohun kékeré di ńlá.

"Kámáráàdì Màmá, ẹ káàbọ̀. Omi tí a máa yẹ̀ wò là ń wá."

"Ta ni kámáráàdì ẹ? Èmi lo wá ń pè ní ẹgbẹ́ ẹ, èmi tí mo lè bí ìyá ẹ!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ìdí rẹ̀ fi ń mì. "Ẹ lọ bu omi tèmi. Ní gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́, kò sí àmù tó tutù tó tèmi. N kì í fọ ìdí ẹ̀ láé! Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó sùn sísàlẹ̀ ló ń mú un tutù."

Suzanne sáré lọ bù ú wá. Clémentine kán díẹ̀ sórí dígí. Ìyá dijú kan, ó fi ìkejì wò ó.

"Yéè! Mo gbé!" Ó fò sẹ́yìn, ìró já lára rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbá a mú. "Ẹran abìwo ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi mi! Ìwọ ọmọ kọlẹ́ẹ̀jì yìí, ìwọ lo kó wọn síbẹ̀!"

"Màmá, ẹ fọwọ́ ara yín nu dígí náà, kí ẹ tún un wò."

Ó nù ún, kò rí nǹkan kan. Wọ́n tún kán omi àmù sí i: àwọn ẹran tún dé, wọ́n ń fò kiri.

"Omi adágún ni, àbí?" Clémentine béèrè. "Inú irú kòkòrò yìí ni ọmọ sòbìà ń gbé. Ẹni tó bá gbé e mì, tó bá tó bí ọdún kan, sòbìà á yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀."

Ìyá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Sòbìà ló dá a dùbúlẹ̀ nígbà ìkórè èsí, ó sì ti bá Marie aládùúgbò rẹ̀ yodì pé òun ló rán an sí i!

Suzanne nawọ́. "Tí a bá fi aṣọ tí wọ́n hun pọ̀ dáadáa sẹ́ ẹ ńkọ́?"

"Wá dán an wò."

Ọmọ náà sẹ́ omi, ó kán an, ó wò ó fúnra rẹ̀. "Wọn ò sí níbẹ̀ mọ́! Màmá, ẹ wá wò ó!"

Ìyá wò ó. Òótọ́ ni. Ó yíjú sí Suzanne bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ìwọ lo ronú èyí? Ìwọ tí mo fẹ́ lọ fi ká aṣọ ní Parakou?" Ó jókòó gbì sórí àga àwọn ọmọdé, àga náà ké bí ewúrẹ́. "Ẹ bá mi sọ fún awakọ̀ kó máa lọ o. Suzanne ò lọ mọ́."

Ẹ̀yin ará wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní agbègbè Adido àti Sakin, ẹ sẹ́ omi adágún kí ẹ tó mu ún, ẹ sì sè é bí igi bá wà. Ẹ fọ àmù dé ìdí. Ẹni tí sòbìà bá yọ lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹsẹ̀ bọ adágún, nítorí inú omi ni sòbìà ń bí ọmọ sí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin yín náà lọ sí kọlẹ́ẹ̀jì, ká lè rí ẹni tí yóò máa sọ ohun tí à ń gbé mì fún wa.