Ọmọ Jẹ́jẹ́ Abẹ́ Maṣíìnì

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ìyá ọkọ aránṣọ ṣì wà láyé, ojú rẹ̀ ṣì ń ríran débi pé òun ló ń bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Bàbá onílé tó máa ń pariwo mọ́ gbogbo ayálégbé láàárọ̀ náà ṣì wà láyé. Ọ̀gá náà wà láyé.

Ọ̀gá kì í ṣe àgbàlagbà o. Ọmọ aránṣọ ni. Bó bá ti rí téèpù tí ìyá rẹ̀ fi ń wọn oníbàárà, á gbé e kọ́ ọrùn, á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á wá máa wo oníbàárà láti òkè délẹ̀ bí agbowó-orí. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gá nìyẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni dókítà ti sọ fún wọn pé Dáùn sìndíróòmù, ipò àbímọ́ni kan tó máa ń hàn lójú ọmọ, ni ọmọ náà ní. Ó ní inú oyún ló ti ń ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fi ṣe é, kì í sì í ran èèyàn. Ó ní ọmọ náà á rìn, á sọ̀rọ̀, kó kàn jẹ́ pé á pẹ́ díẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó wá ní kí wọ́n gbé e padà wá kí àwọn wo ọkàn rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó gba gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn sétí. Ìyá ọmọ ń sunkún. Bàbá ọmọ, dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù, ń wo ilẹ̀. Ìyá ọkọ ti ń di ẹrù kíákíá, kí wọ́n lè kúrò níbẹ̀ kí ojúlùmọ̀ kankan tó rí ojú ọmọ.

Wọ́n délé tán, ìyá ọkọ ní, "Wo ọkàn ẹ̀ ṣe kí ni? Ojú ẹ̀ la fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ọkàn ẹ̀. Bí irú àwọn ọmọ yìí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ jẹ́ kọ́mọ ó gbádùn."

Ọmọ á muyàn díẹ̀, á fi í sílẹ̀, á máa làágùn bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ni. Bó bá sunkún, ètè rẹ̀ á dúdú bí ẹni tó lá aró. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ni. Ọ̀rọ̀ yẹn di oògùn nínú ilé. Ohunkóhun tó bá ń ṣe ọmọ, òun ni wọ́n ń lò sí i.

Aránṣọ pàápàá ní ohun tó fi ń yangàn: ọmọ òun kì í yọ òun lẹ́nu. Ó tẹ́ àjákù aṣọ sínú apẹ̀rẹ̀ ńlá lábẹ́ tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ibẹ̀ ni Ọ̀gá ń sùn sí. Ó ti kíyè sí i pé bí maṣíìnì bá ti ń dún, ọmọ á sùn lọ. Nítorí náà, bí kò bá tiẹ̀ sí iṣẹ́ nílẹ̀, á yọ òwú kúrò, á máa fẹsẹ̀ wa maṣíìnì lófìfo, pẹkẹ-pẹkẹ-pẹkẹ, kí Ọ̀gá lè sùn.

"Ọmọ jẹ́jẹ́!" àwọn oníbàárà á ní. "Ẹ yá mi jàre, kí n gbé tèmi tó ń jó bí iná fún yín."

"Mi ò ṣe pàṣípààrọ̀ o," aránṣọ á dáhùn, inú rẹ̀ á sì máa dùn.

Ọ̀gá ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́ta kí nọ́ọ̀sì kan tó wá rán aṣọ iṣẹ́. Obìnrin tó lẹ́nu bí abẹ ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú apẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyá Ọ̀gá, ẹ dá maṣíìnì yẹn dúró ná."

"Ó máa jí o."

"Mo ní kí ẹ dá a dúró!"

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ṣọ́ọ̀bù pa rọ́rọ́. Ìgbà náà ló tó gbọ́ ọ. Ọmọ tó ń sùn ń mí hẹ̀hẹ̀hẹ̀, bí ẹni tí wọ́n lé gun òkè. Àyà rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde. Látọjọ́ tó ti ń wa maṣíìnì lórí ọmọ yìí, kò gbọ́ èémí rẹ̀ rí.

"Kì í ṣe oorun jẹ́jẹ́ nìyí, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni," nọ́ọ̀sì ní. "Ẹ wo èékánná ẹ̀, ó ti dúdú. Ta ló ti wo ọkàn ẹ̀?"

"Wọ́n ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ni."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀? Ṣé òun ló dá wọn ni? Ẹ gbọ́, ìyá. Nínú ọmọ oní-Dáùn méjì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ní ihò lọ́kàn. Wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ wò ó, kì í dun ọmọ. Wọ́n sì lè dí i nígbà tó ṣì wà ní ìkókó. Ẹ gbé e wá bá mi lọ́la."

Bàbá Ọ̀gá gbé ẹrù lọ sọ́nà jíjìn. Lórí fóònù ló ti ní kí wọ́n ṣe sùúrù títí òun á fi dé. Ìyá ọkọ wá dúró dí ẹnu ọ̀nà.

"Kí wọ́n la àyà ọmọ? Tó bá kú sí wọn lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Tó bá kú sí wa lọ́wọ́ ńkọ́, Màámi?" Aránṣọ pọn ọmọ rẹ̀, ó fi èjìká ti ìyá ọkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọjá.

Nílé ìwòsàn, dókítà gbé ẹ̀rọ lé àyà Ọ̀gá. Ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé àyà dókítà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, dókítà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ihò náà tóbi. Ká ní ẹ gbé e wá kó tó pé oṣù mẹ́fà ni, à bá ti dí i. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ ti ba ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ jẹ́. Tí a bá dí i báyìí, a ó pa á ni. Oògùn tí á máa bá a dẹ èémí ló kù."

"Wọ́n sọ fún wa," aránṣọ ní. "Ọjọ́ tí mo bí i gan-an, wọ́n sọ fún wa."

Oògùn náà fún un láyè díẹ̀. Ọ̀gá lọ sílé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ń bá tíṣà jà nítorí ìjókòó iwájú. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń de bọ́tìnnì fúnra rẹ̀, ohun tí ìyá àgbà ti búra pé kò ní lè ṣe láéláé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ní ó rẹ òun. Ó gbé orí lé itan rẹ̀. Kò gbé e mọ́.

Àwọn aládùúgbò kún inú ilé. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ ṣe ọkàn gírí. Ó ti sinmi. Irú wọn kì í pẹ́."

Aránṣọ dìde.

"Irú ta ni kì í pẹ́? Irú ẹ̀ ń dàgbà! Mo rí wọn nílé ìwòsàn, wọ́n ti hu irùngbọ̀n, wọ́n ń ṣiṣẹ́! Ojú ọmọ mi kọ́ ló pa á. Ihò ló pa á, ihò tó ṣeé dí! Ẹ̀yin tí ẹ wá bá mi sunkún, ẹ nu ojú yín kí ẹ gbọ́. Bí wọ́n bá bí irú ọmọ yìí sílé yín, ẹ má gbé e pamọ́. Kó tó pé oṣù kan, kí wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo ọkàn ẹ̀. Bí wọ́n bá gbàgbé, ẹ bèèrè. Bí wọn ò bá wò ó, ẹ má kúrò níbẹ̀. Kí wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò, kí wọ́n yẹ ojú àti ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Bó bá ń làágùn lẹ́nu ọmú, bó bá ń mí hẹ̀hẹ̀, bí ètè ẹ̀ bá ń dúdú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ má dúró de ọkọ, ẹ má dúró de ìyá ọkọ. Ọmọ tó bá dákẹ́ jù, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò! Ẹni tó bá sì tún sọ níwájú mi pé ó ti sinmi, ìta ni tiẹ̀. Ọmọ mi ò bẹ ẹnikẹ́ni fún ìsinmi. Eré ló fẹ́ ṣe!"

Ìyá ọkọ bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ọjọ́ tí Ọ̀gá kú nìyẹn. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà.